Fóònù Tí Kò Ní Wáyà

Ikhlas jókòó ti apẹ̀rẹ̀ obì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Makun, ó ń ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ kúrò lára èyí tó dára, nígbà tí Alájì Fàsásì bàbá rẹ̀ wọlé pẹ̀lú páálí kan lábẹ́ abíyá. Ó ní òun ti ra fóònù tí kò ní wáyà, tí èèyàn lè gbé rìn láti pálọ̀ dé ẹ̀yìnkùlé. Tòkúnbọ̀ ni. Owó pọ́ọ́kú ló rà á ní Sábó, ẹni tó tà á sì búra pé kò lábùkù kankan. Ìgbà wo ni ẹni tó ń tajà ti sọ pé ọjà òun lábùkù rí?

Ọdún 1997 ni. Kò tíì sí ẹni tó ń fi fóònù sápò kiri Ṣàgámù nígbà náà. Nítorí ìyá Ikhlas ni Alájì ṣe ra èyí, torí Kánò ni ìyá náà wà, níbi tó ti ń ta obì tí ọkọ rẹ̀ ń kó ránṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ nìkan ló máa ń pè. Alájì fúnra rẹ̀ kì í gbélé. Bí kò bá sí ní Ìpara lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀, á wà nídìí ọkọ̀ tó ń kó obì lọ sókè Ọya. Ikhlas nìkan ní í dáná, òun nìkan ní í jẹun. Ní ilé-ìwé tuntun tí wọ́n fi í sí, kò tíì sí ẹni tó ń sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Àárò ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́ débi pé ó ti ń bá obì inú apẹ̀rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé fóònù sétí, ó gbọ́ obìnrin kan tó ń sunkún. Ìyá Ellen ni, ìyàwó Olúsànyà tó múlé tì wọ́n. Irú fóònù kan náà ló wà nílé tiwọn, èyí sì ń gbé ohùn ìyẹn. Ó yẹ kí Ikhlas gbé e sílẹ̀, àmọ́ inú rẹ̀ dùn pé ohùn èèyàn wọ ilé tó dákẹ́ rọ́rọ́ yẹn. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ń ṣa obì, á fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, á máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé onílé. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ nìkan ni kì í gbọ́ nǹkan kan, nítorí ìgbà náà ni Ọjọ́ Ìsinmi àwọn Olúsànyà, tí ìjọ wọn ń sinmi ní Sátidé, máa ń bẹ̀rẹ̀, wọn kì í sì í fọwọ́ kan fóònù. Ìyẹn ló fi máa ń dá Ikhlas lójú pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ òun bí òun bá ń bá ìyá òun sọ̀rọ̀.

Bó ṣe mọ̀ nìyẹn pé bàbá Ellen, tí gbogbo àdúgbò gbà pé iṣẹ́ ló gbé e lọ sí Ìbàdàn, ti kó lọ bá obìnrin mìíràn. Ìyàwó rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ kó padà wálé kí ará ìjọ tó mọ̀. Kíláàsì kan náà ni Ikhlas àti Ellen wà, ṣùgbọ́n Ellen kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Ikhlas láràárọ̀ ni.

Lọ́jọ́ kan, Ràbíátù, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ọmọbìnrin kíláàsì náà, bi Ikhlas bóyá òun náà ní ọ̀rọ̀ àdúgbò kan tó dùn ún gbọ́ láti sọ. Ikhlas mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè fún òun níjòókòó. Ó tú àṣírí ilé Olúsànyà fún wọn. Wọ́n sún fún un lórí bẹ́ǹṣì lóòótọ́, n kò sì ní parọ́ fún yín, inú rẹ̀ dùn.

Kí ilé-ìwé tó ṣíwọ́, ọ̀rọ̀ ti kárí. Wọ́n ń bi Ellen léèrè irú ọbẹ̀ tí ìyàwó tuntun bàbá rẹ̀ ń sè. Ellen kó ìwé rẹ̀, ó lọ sílé, kò sì wá ní ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ kejì náà ni Ràbíátù ń kìlọ̀ pé kí gbogbo wọn ṣọ́ ẹnu wọn bí Ikhlas bá wà nítòsí, pé ẹni tó tú àṣírí aládùúgbò rẹ̀ á tú tàwọn náà. Nígbà tí Ikhlas dé ìdí bẹ́ǹṣì, kò sí àyè mọ́.

Nígbà tó di Jímọ̀, ó lọ sílé Ellen. Ó bá a níbi tó ti ń kun bàtà, nítorí gbogbo iṣẹ́ ní láti parí kí oòrùn tó wọ̀. Àpótí kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí ẹ̀sín náà, wọ́n ti pinnu pé kí Ellen lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìpara.

"Fóònù wa ń gbé ohùn ilé yín," ni Ikhlas wí. "Èmi ni mo sọ fún wọn. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ellen kò gbójú sókè. "Tiwa náà ń gbé ohùn ilé yín."

Ikhlas jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà.

"Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí Mọ́mì ń gbàdúrà, mo yọ́ gbé fóònù. Mo mọ̀ pé Ọjọ́ Ìsinmi ni, àmọ́ mo rò pé Dádì á pè. Ohùn rẹ ni mo gbọ́. Ò ń sunkún fún ìyá rẹ pé o kò rẹ́ni bá jẹun, pé obì lò ń bá sọ̀rọ̀. Mo gbé e sílẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn bẹ Mọ́mì kí wọ́n jẹ́ kí n máa wá bá ẹ jẹun lálẹ́, wọ́n sì ti gbà." Ó gbé bàtà kejì. "Ọ̀sẹ̀ yìí ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Ikhlas darí sílé pẹ̀lú omi lójú. Ó ti wá yé e wàyí pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tó ṣèèṣì bọ́ sí èèyàn létí kì í ṣe tirẹ̀ láti fi ra ọ̀rẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ẹ jẹ́ kó yé ẹ̀yin náà kó tó pẹ́ jù.

Fóònù dún bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Ìyá rẹ̀ béèrè bóyá ó ti rí ọ̀rẹ́ ní ilé-ìwé tuntun náà.

"Mo ti ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀, Màámi," ni Ikhlas wí. "N kò mọ̀ ni."