Àgò ní Òpópó Etíkun

Ohun tí a fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ilé tí ó ti ṣẹlẹ̀ ṣì wà ní League City, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, irọ́ kò sì sí lẹ́nu ìkankan nínú àwọn tí ó ṣojú wọn.

Ọ̀sán Sátidé ni. Òjò ti ṣú bo gbogbo ọ̀nà Galveston, ṣùgbọ́n kò tíì rọ̀. Ládépọ̀ gbé ẹ̀rọ ayárabíàṣá rẹ̀ lé tábìlì iwájú ìyá rẹ̀. Àìsàn ọkàn ń ṣe màmá náà, àwọn dókítà kò sì fi bò mọ́ pé kò ní í pẹ́ lọ. Ohun kan ṣoṣo ni ó bèèrè: kí wọ́n jẹ́ kí òun rí òpópó tí Ọmọ́níkẹ́ gbé.

Ọmọ́níkẹ́ ni àkọ́bí rẹ̀. Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n gbé ọmọ náà fún obìnrin òyìnbó kan ní ìlú etíkun láti bá wọn tọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà ti máa ń ṣe. Ibẹ̀ ni òtútù àyà pa á sí, kí wọ́n tó bí Ládépọ̀. Àṣà wa kò gba òbí láyè láti fojú kan ibojì ọmọ, nítorí náà màmá kò padà síbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ibojì kọ́ ni ó ń dùn ún. Nígbà tí ó lọ wò ó kẹ́yìn, ọmọ náà sá sẹ́yìn obìnrin òyìnbó. Kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan. Kò mọ ìyá rẹ̀.

Fèyísọ́lá, ọmọ Ládépọ̀ tí wọ́n bí sí Houston, ni ó ń darí ẹ̀rọ. Àwòrán òpópó ni, irú èyí tí ènìyàn ń fi ìka rìn nínú rẹ̀ láti ilé dé ilé: ìfìkarìn, bí a bá lè pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọjá afárá onígi tí ó yọ sínú òkun. Wọ́n kọjá ilé ìtura àtijọ́ tí àwọn òpó rẹ̀ funfun bí ẹfun, àti àwọn àká dúdú gíga tí àwọn apẹja ń kó àwọ̀n sí.

"Òkúta ni etíkun wọn," ni màmá wí. "Kò sí iyanrìn. Bí èèyàn bá ń rìn, á máa dún lábẹ́ bàtà bí ẹni ń rún gúgúrú."

"Grandma, ẹ ṣì rántí gbogbo ìyẹn? Èmi ò rántí ibi tí mo páàkì mọ́tò mi láàárọ̀."

"Fọkàn balẹ̀. Ta ni yóò jí irú mọ́tò yẹn?"

Wọ́n gun òkè tóóró kan. Ilé bíríkì tín-ín-rín. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé.

"Òun nìyẹn," ni màmá wí.

Ẹ̀rọ amúlétutù dákẹ́. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Màmá na ọrùn sí àwòrán náà, ó sì ṣe ohun tí ọmọ Yorùbá ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíràn.

"Àgò onílé o."

Fèyísọ́lá bú sẹ́rìn-ín. "Grandma! Fọ́tò lásán ni. Kò tiẹ̀ ní ohùn, mo ti pa á."

"Àgò yà."

Ohùn ọmọdé ni. Inú ẹ̀rọ ni ó ti wá. Ó mọ́ gaara, bí ohùn ọmọ tí a tọ́ dàgbà ní agboolé.

Ẹ̀rín pòórá lẹ́nu Fèyísọ́lá. Ládépọ̀ wo àwòrán. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé ti ṣí. Inú ilé náà ṣókùnkùn.

"Daddy, èmi kọ́ o. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Mo mọ̀."

"Ṣé kí n pa á?"

"Má pa nǹkan kan." Omi ń dà lójú màmá, ṣùgbọ́n ojú náà ń dán. "Ẹ gbọ́ ọ? Ó gbọ́ Yorùbá. Ta ló kọ́ ọ?"

Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àga gbọọrọ tí ó jókòó sí, bí ẹni fẹ́ dìde. Ẹni tí wọ́n bá ti dá àgò rẹ̀ lóhùn, wíwọlé ni ó kù. Ládépọ̀ di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má wọlé."

Màmá wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí àwòrán. "Ọmọ́níkẹ́, ọ̀nà jìn. Ẹsẹ̀ mi ò gbé e mọ́. Ìwọ ni kí o máa bọ̀."

Òjò bẹ̀rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wọ́n sì gbọ́ ọ níta, lójú ọ̀nà oníkọnkéré tí kò ní òkúta kan ṣoṣo lórí: ẹsẹ̀ kékeré, tí ó ń dún bí ẹni ń rún gúgúrú. Ó ń bọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Àgò o."

"Àgò yà, ọmọ mi," ni màmá wí.

Ẹ̀rọ aṣọ́lé tí ó wà lára ògiri kéde lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ilẹ̀kùn iwájú ti ṣí. Ládépọ̀ yíjú. Ilẹ̀kùn wà ní títì, ìdábùú rẹ̀ wà níbi tí òun fúnra rẹ̀ fi sí. Nínú àwòrán, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé ti padé.

Màmá sún díẹ̀ lórí àga. Tìmùtìmù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rọra rì.

Ládépọ̀, ọkùnrin tí irun rẹ̀ ti funfun, bọ́ bàtà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ibi tí kò sí ẹnì kan.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ó ń retí kí wọ́n ní kí òun dìde.