Bronwyn àti Ẹkún Gbogbo Ìlú

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni Fergus wọ ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun Bronwyn, eruku pupa bo irun rẹ̀ títí dé ìpéǹpéjú. Ẹ̀rọ omi àwọn olùsìn àgùntàn ló máa ń tún ṣe. Bronwyn ṣì ń nu ojú, torí oníbàárà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ti sọ̀rọ̀ ọkọ tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ fún un.

“Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà?”

“Kò sí nǹkan kan. Irun ni mo wá gẹ̀.”

Bronwyn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó kọ́kọ́ rín lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ní ìlú Cobar tiwa níbí, ta ni kò tíì sunkún lórí àga Bronwyn? Èmi náà ti sun ún. Bá a bá ti sọ tiwa tán, a ó lọ jẹun, ọkàn wa á fúyẹ́. A ò mọ̀ pé ńṣe ni ọmọ ọlọ́mọ ń gbé ẹkún wa lọ sílé, tí kò sì ní lè jẹun.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Fergus tún dé.

“Kí ni kí n gẹ̀ níbẹ̀? Irun ò tíì hù.”

“Ẹ bá mi wá a. Ó lè wà lẹ́yìn etí.”

Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí Bronwyn bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, Fergus á fi ọkọ̀ gbé e lọ sétí adágún omi, wọ́n á ki ẹsẹ̀ bọ omi, wọn ò ní sọ̀rọ̀. “Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹ yìí ló ń tù mí lára, olólùfẹ́ mi,” ni Bronwyn máa ń wí.

Ìgbà tó yá, bàbá Fergus kú. Màmá rẹ̀ wá ń wá sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, á sunkún fún wákàtí méjì gbáko. Bronwyn ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, òun fúnra rẹ̀ sì ń rù. Lọ́jọ́ kan, ó ṣèèṣì fi àlùmọ́gàjí gé oníbàárà létí.

Lọ́jọ́ kejì, ó di ọwọ́ màmá náà mú.

“Màmá, mo fẹ́ràn yín. Ṣùgbọ́n ẹkún yín ń wọ̀ mí lára ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan.”

“Ṣé omijé mi lò ń dájọ́ fún? O ò ní fẹ́ ọmọ mi láéláé.”

Fergus gbọ́, ó sá lọ sóko, ó ní iṣẹ́ pọ̀. Bronwyn lọ ká a mọ́bẹ̀.

“Mo fẹ́ ẹ, Fergus, ṣùgbọ́n mi ò ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ìgbà wo lo jókòó ti màmá ẹ gbẹ̀yìn?”

Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ yé Fergus. Òun tí kì í sọ̀rọ̀ ló lé ìyá rẹ̀ lọ sunkún ní ṣọ́ọ̀bù láìmọ̀. Ó ju sípánà sílẹ̀, ó wakọ̀ lọ sílé.

“Màmá,” ó ní, “àárò Dádì ń sọ èmi náà.” Tíì tutù níwájú wọn níbi tí wọ́n ti jọ ń sunkún.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Màmá wọ ṣọ́ọ̀bù. Màmá jókòó, kò sunkún.

“Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Báwo ni tìẹ?”

Ọdún mọ́kànlá tó ti ń gẹrun, ẹnì kankan ò bi í bẹ́ẹ̀ rí. Ó sọ, ó sọ, Màmá sì gbọ́ ọ tán pátápátá. Lẹ́yìn náà ni màmá náà bọ́ òrùka ìgbéyàwó ọwọ́ rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́.

“Fergus wà níta. Ojú ń tì í.”

Àwa mẹ́ta la jókòó tá à ń retí kó gẹrun wa, tọ̀rọ̀ tọ̀rọ̀ lẹ́nu wa. Bronwyn wò wá.

“Ẹ má bínú, ẹ pa dà wá lọ́la.”

Ó ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án gangan, ó sì lọ bá Fergus, ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, níta.