Ẹní tí Tiwátọ́pẹ́ Kọ̀ láti Tẹ́

"Tiwa, ilẹ̀. Gbé mi sílẹ̀."

Màmá Kàmálà ló ń sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ará Íńdíà ni, ẹlẹ́sìn Híńdù, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní ẹ́sítéètì VGC ní Èkó débi pé Yorùbá dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Tiwátọ́pẹ́ ló ń se oúnjẹ fún ìdílé náà, Màmá Kàmálà ló sì kọ́ Tiwa ní ìṣirò títí ó fi ń gbégbá orókè. Jẹjẹrẹ ti wá jẹ ẹ́ gbẹ báyìí, ó ku egungun.

Ọ̀gá Súrẹ́ṣì, ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí sí Èkó, ti lọ pàdé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní pápákọ̀ òfurufú. Kó tó lọ, ó fi omi odò mímọ́ ilẹ̀ wọn han Tiwa, pẹ̀lú ewé kan tó jọ ẹfínrín.

"Tí wọ́n bá ti ní ó yá, tẹ́ ẹní, gbé wọn sílẹ̀, fi omi àti ewé sí wọn lẹ́nu. Pe orúkọ Ọlọ́run sí wọn létí. Ìyá wa ni ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkàn ti ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Má sunkún o."

Tiwa ní òun ti gbọ́. Ẹnu lásán ni. Ta ló máa gbé màmá òun sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí aláìlẹ́nìkan? Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀! Ọ̀pọ̀ wa ni ì bá rò bẹ́ẹ̀.

"Màmá, ẹ ò ní kú," ló ń wí tẹkúntẹkún. "Ẹ jẹ́ n wá mọ́tò, ká lọ sí ọsibítù."

"Rárá, ọmọ mi. Mo ti múra tán, mo ti dágbére. Má lọ. Tẹ́ ẹní."

Ó lọ. Ó sáré dé géètì, ó bẹ Tàjùdéèn, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́, kó bá òun wá mọ́tò. Mọ́tò ò tètè wá. Kí wọ́n tó dé, màmá ti kú. Apá rẹ̀ kan fì sísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, díẹ̀ ló kù kí ìka rẹ̀ kan ilẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀gá Súrẹ́ṣì ti pápákọ̀ dé, kò bá Tiwa jà. Ì bá sàn kó jà. Ó gbé òkú ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó rọ omi sí i lẹ́nu, omi náà sì ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ jáde.

"Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń múra ọjọ́ òní," ó wí.

"Ẹ foríjì mí, sà. Mo nífẹ̀ẹ́ wọn ni."

"Mo mọ̀. Àwọn náà mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wá ba Tiwa lọ́kàn jẹ́ jù.

Ẹ̀yin ọmọ, àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Bí ẹni tó ń lọ bá bẹ̀ wá ní ohun tí kò pa ẹnikẹ́ni lára, ẹ jẹ́ ká ṣe é fún un, bó tilẹ̀ yàtọ̀ sí ti ilé wa. Ìfẹ́ ló lé Tiwa sáré dé géètì. Ìfẹ́ náà ló jẹ́ kí màmá kú láìrí ẹni di ọwọ́ rẹ̀ mú.