Ọkùnrin Tí Ooru Ń Mú Nínú Yìnyín

Ẹnu Ìyá Ẹlẹ́ja kì í sinmi. Bí àdá rẹ̀ ti ń gé ẹja tó dì bí òkúta lórí káńtà, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ń gé oníbàárà. Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn òdìkejì títì ló kàn. Nọ́ọ̀sì ń fi ìka tẹ ikùn ẹja bí ẹni tó ń bi í pé níbo ló ti ń dùn ún.

"Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹja yín ti ń rọ̀ o."

"Ẹ fún un lábẹ́rẹ́. Lánàá ẹ ní ó le jù, lónìí ẹ ní ó rọ̀ jù. Ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni àbí ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ra ẹja rẹ̀, ó lọ. Ṣùgbọ́n Ìyá Ẹlẹ́ja mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òótọ́ lobìnrin náà sọ. Ó yíjú sẹ́yìn, ó ké sí àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń to páálí.

"Ọkọ mi kékeré, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yàrá yìnyín yẹn. Òtútù ti ń jáde tán níbẹ̀, ẹja fẹ́ di ọbẹ̀ láìrí iná."

Ilẹ̀kùn yìí ní ìtàn tirẹ̀. Ọwọ́ tó yẹ kí ènìyàn fi ṣí i láti inú ti kán tipẹ́. Bó bá ti padé, ẹni tó wà níta nìkan ló lè ṣí i. Dípò kí wọ́n pe ẹni tó máa tún un ṣe, igi kan ni wọ́n ń há sẹ́nu rẹ̀. Bí igi bá wà níbẹ̀, ẹnìkan wà nínú. Ó dára bẹ́ẹ̀, àfi pé baálé ilé, ọkọ Ìyá Ẹlẹ́ja, kì í rántí yọ igi náà bó bá ń jáde. Ojú gbogbo wọn ti mọ́ igi tó ń ṣọ́ yàrá tí kò séèyàn nínú ẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí àbúrò ọkọ bá igi lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó kàn pòṣé ni. "Ẹ̀gbọ́n mi tún gbàgbé." Ó fẹsẹ̀ ta igi dànù, ó ti ilẹ̀kùn gbàgà.

Oníbàárà dé, òmíràn tún tẹ̀lé e. Jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn ilé bí ẹni tí ìyàwó kọ̀, kò sì sí ẹni tó lè gbọ́ ohùn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tó nípọn yẹn. Ó ti lé ní wákàtí kan kí Ìyá Ẹlẹ́ja tó rántí pé ọkọ òun tó lóun fẹ́ lọ ra epo dísù fún jẹnẹrétọ̀ ò tíì padà. Ó pè é lórí fóònù.

Fóònù náà dún. Ẹ̀yìn rẹ̀ níbẹ̀ ló ti ń dún.

Ó tẹ̀lé ohùn rẹ̀ lọ. Inú àpò kóòtù tó nípọn, èyí tí ọkọ rẹ̀ fi ń wọ yàrá yìnyín, ni fóònù wà. Kóòtù ọ̀hún kọ́ sára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Ìyá Ẹlẹ́ja kọjú sí àbúrò ọkọ rẹ̀. "Ọkọ mi kékeré, kí ẹ tó tilẹ̀kùn, ṣé ẹ wo inú?"

Àbúrò ọkọ ti sáré di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

Àwọn méjèèjì ló fa ilẹ̀kùn náà. Ìkùukùu funfun tú jáde. Ní ìpẹ̀kun, lẹ́yìn páálí tó wọlé wá tò kó tó lọ ra dísù, ọkùnrin náà jókòó. Ó ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ń fọwọ́ nu iwájú orí bí ẹni tó ń làágùn.

"Ẹ ṣí fèrèsé," ló wí. Ahọ́n rẹ̀ wúwo. "Ooru yìí pọ̀ jù."

Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ gbọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ooru ló ń mú un. Ara rẹ̀ ò tilẹ̀ gbọ̀n."

Wọ́n gbé e jáde. Àwọn aládùúgbò rọ́ dé, kálukú pẹ̀lú ìmọ̀ràn tirẹ̀. Àbúrò ọkọ ya páálí, ó ń fẹ́ ẹ. Ẹnìkan lọ bu omi gbígbóná sí báàkẹ́ẹ̀tì. Fọkanáísà tó ń lẹ táyà lẹ́bàá títì gbé ọtí líle dé: "Ẹ jẹ́ kó mu èyí, kó rìn díẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè káàkiri."

Ìyá Ẹlẹ́ja kò gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni. Ó gbé ọwọ́ lé àyà ọkọ rẹ̀, ó sì yára fa ọwọ́ náà padà. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń di ẹja mú. Ó mọ bí ara ẹja ṣe ń rí lọ́wọ́.

"Ẹ pe nọ́ọ̀sì," ló wí lóhùn jẹ́jẹ́.

Nọ́ọ̀sì kò dúró kí wọ́n pe òun lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ gbé páálí yẹn sílẹ̀," ló kọ́kọ́ wí. "Ọtí yẹn, ẹni tó gbé e wá kó mu ún fúnra rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ọkùnrin yìí dìde."

"Ṣùgbọ́n ó ní ooru ń mú òun," àbúrò ọkọ wí.

"Ara rẹ̀ ló ń parọ́ fún un. Ṣé ó mu nǹkan kó tó wọlé?"

"Ó máa ń mu ọtí. Ó ní ọtí ló ń lé òtútù," àbúrò rẹ̀ dáhùn.

"Ọtí ló ń ṣílẹ̀kùn fún òtútù," ni nọ́ọ̀sì dáhùn. Bó ti ń sọ̀rọ̀ ló ń fi ọ̀bẹ ẹja la ṣòkòtò tí omi yìnyín ti mú rin gbingbin kúrò lára ọkùnrin náà. "Bí òtútù bá pọ̀, ara á kó ẹ̀jẹ̀ gbígbóná jọ sínú, kó fi dáàbò bo ọkàn. Bó bá wá rẹ ara, á tú ẹ̀jẹ̀ náà sílẹ̀ sí awọ, èèyàn á máa bọ́ṣọ, á ní ooru ń mú òun. Haipotámíà là ń pè é. Kì í ṣe ibà, kì í ṣe ọ̀fìnkìn. Ooru ara ló ti lọ sílẹ̀ kọjá ààlà."

"Ṣebí kò gbọ̀n mọ́?" ni àbúrò ọkọ bi í.

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ẹnìkan kó pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ kó aṣọ gbígbẹ wá, ẹ bo orí rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ po omi yẹn kó lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ fi há a lábíyá. Má ra á lẹ́sẹ̀, fọkanáísà, kì í ṣe táyà. Ẹ̀jẹ̀ tútù tó wà lẹ́sẹ̀ yẹn lè sáré dé ọkàn, kí ọkàn dákẹ́. Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ bọ́ búláòsì, ẹ wọ abẹ́ aṣọ ìbora lọ dì mọ́ ọn."

"Níwájú gbogbo ayé?"

"Ayé á kẹ̀yìn."

Fọkanáísà pàṣẹ, gbogbo ọkùnrin àdúgbò sì kọjú sí ògiri bí ọmọ ilé ìwé tó pẹ́ dé. Ìyá Ẹlẹ́ja wọ abẹ́ aṣọ, ó gbé àyà rẹ̀ lé àyà tútù yẹn. "Èmi ni mo ní kí wọ́n tilẹ̀kùn," ló ń sọ sí i létí. "Ẹ bá mi jà. Ẹ ṣáà la ojú kí ẹ bá mi jà."

Nọ́ọ̀sì pààrọ̀ ìgò omi tó ti tutù lábíyá rẹ̀.

Lójijì, nǹkan mi lábẹ́ aṣọ. Èjìká ọkùnrin náà gbọ̀n. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, gbogbo ara rẹ̀ ń jì pẹ̀pẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja figbe ta. "Ó ń gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì, ó ti ń lọ."

Nọ́ọ̀sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Ó ń padà bọ̀ ni. Ara tó ń gbọ̀n ti rí agbára tó máa fi dáná fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbọ̀n."

Ó ṣì ń gbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ ilé ìwòsàn gbé e lọ. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá yìnyín, ẹ gbọ́. Bí ilẹ̀kùn kò bá ṣeé ṣí láti inú, ẹ má wọ ibẹ̀ títí wọn ó fi tún un ṣe; igi kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ wọ kóòtù yín, ẹ má mutí, ẹ sì jẹ́ kí ẹnìkan mọ̀ pé ẹ wà nínú. Ẹni tó bá fẹ́ tilẹ̀kùn, kó wọlé, kó pe orúkọ, kó wo ẹ̀yìn páálí. Bí òtútù bá sì ti mú ẹnìkan kọjá ààlà, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ bọ́ aṣọ tútù, ẹ fi aṣọ gbígbẹ bò ó, ẹ pe ilé ìwòsàn. Bójú rẹ̀ bá là, tó sì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní tíì lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó dùn. Kò sí ọtí, kò sí omi gbígbóná lára, kò sí fífi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ tàbí apá.

Ẹni tó ń gbọ̀n ṣì ń jà. Ẹni tí kò gbọ̀n mọ́, tó ní ooru ń mú òun, òun ni kí ẹ sáré sí.