A Kì í Fi Ahọ́n Tọ́ Wáyà Wò

Ọjọ́ kẹta rèé tí tẹlifóònù ilé Alàájì Ràsáàkì ní Ṣakí ti ya odi. Òní gan-an ni wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún Yétúndé, ọmọ rẹ̀, ní Ìbàdàn. Ọkọ ọmọ náà ti ní òun yóò pè bí wọ́n bá ti ṣe é tán.

Àsíátù, ìyá ọmọ, kò lè jẹun. Tẹ̀sùbáà ló ń fà.

Jẹ́ẹ́dé, aládùúgbò wọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, wọlé. "Ẹ jẹ́ n wò ó. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ṣebí ahọ́n la fi ń mọ̀ ọ́n bó bá kú?" Ó fa wáyà méjì yọ lẹ́yìn tẹlifóònù, ó yọ ahọ́n.

"Dá ahọ́n padà!" Abíọ́nà, ọ̀rẹ́ Jẹ́ẹ́dé, òṣìṣẹ́ tẹlifóònù tí Alàájì ránṣẹ́ pè, ló kígbe lẹ́nu ọ̀nà. "Bí ìpè bá wọlé báyìí, yóò gbá ọ lẹ́nu! Bí wáyà iná bá sì ti kàn án níta ńkọ́? Ahọ́n tí o fi ń bú mi lójoojúmọ́, o ò fẹ́ lò ó mọ́ ni?"

Àsíátù rẹ́rìn-ín láìfẹ́.

Alàájì ti mú àdá. "Igi máńgò yẹn ló dùbúlẹ̀ lé wáyà. Ẹ jẹ́ ká gé e."

Abíọ́nà dá a dúró. "Ẹ ní sùúrù, Bàbá Yétúndé. Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Ìgbà wo ló ti dákẹ́?"

"Ọjọ́ tí wọ́n kun pálọ̀ ni," Àsíátù dáhùn.

Abíọ́nà yọ tẹlifóònù kékeré kan tó ní eyín irin méjì. Ó gun òpó, ó fi eyín náà di wáyà mú, ó pe ilé iṣẹ́ wọn. Wọ́n dáhùn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n dáhùn. Ó ṣe é ní ìdí tẹlifóònù, ó pa lọ́lọ́.

"Máńgò ò jẹ̀bi o, Alàájì. Inú ilé ni ọ̀rọ̀ wà."

Ó ṣí àpótí kékeré ara ògiri pálọ̀ tí wáyà ìta ti pàdé ti inú ilé. Ẹni tó kun pálọ̀ ti tú wáyà, ó sì dè é padà síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Abíọ́nà tún un dè.

Kò tíì kó irinṣẹ́ tán tí agogo tẹlifóònù fi dún. Àsíátù sáré gbé e; ọkọ Yétúndé ni.

"Màmá, wọ́n ti ṣe é tán. Ó ti lajú, ó ń béèrè ògì."

"Alámùdúlílàhí! Àbẹ̀kẹ́ mi! Ọmọ tí a bẹ Ọlọ́run ká tó rí!"

Alàájì gbé àdá sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí tẹlifóònù bá dákẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí ló yí padà nílé. Ẹ ránṣẹ́ sí ẹni tó ní irinṣẹ́ tó yẹ. Yóò fi wá ibi tó ti bàjẹ́ láti ìta wọlé kó tó tún nǹkan kan ṣe. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má tọ́ ọ wò. Olúwa kò ní jẹ́ kí ìròyìn ayọ̀ yín há sọ́nà.