Ìwé Tí Wọ́n Ń Mí Sí

Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí àtẹ̀jáde tuntun ìwé ìròyìn Àwòyanu, á rò pé wọ́n da yíǹkì sí i ni. Lẹ́tà fọ́n ká ojú ìwé bí èèrà tí wọ́n tú ilé rẹ̀. Kò sí ìlà, kò sí àkọlé. Àmọ́ bí òǹkàwé bá gbé e súnmọ́ ẹnu, tó sì mí sí i, àwọn lẹ́tà náà á gbéra. Wọ́n á wá ara wọn rí, wọ́n á di ọ̀rọ̀. Tó bá yá, wọ́n á tún tú ká. Yíǹkì ẹlẹ́mìí ni: kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n sìn nínú omi, tí ooru èémí ń jí.

Ìbíwùnmí ló ṣe é. Òun ló ń ṣètò ojú ìwé fún Àwòyanu ní Abẹ́-Dígí, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó sórí òṣùpá, níbi tí ẹ̀rọ ti ń pèsè afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí. Ìwé kíkà lójú ẹ̀rọ ti sú àwọn ará ibẹ̀. Ìwé tó ṣeé fọwọ́ kàn ti padà di ohun iyì.

Bàbá Akínrúlí, olóòtú àgbà, yẹ ìwé náà wò tinútẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

“Ojú ìwé tó gbẹ̀yìn ńkọ́?”

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ìlú náà, lẹ́tà dúdú gàdàgbà ni wọ́n fi ń tẹ ojú ìwé yẹn. Ohun tí aráàlú máa ṣe bí afẹ́fẹ́ bá dá ló wà níbẹ̀.

“Bákan náà ni gbogbo rẹ̀, Bàbá. Ẹni tó dá aṣọ tuntun kì í fi àkísà lẹ̀ ẹ́.”

“Ìwé kì í ṣe aṣọ, Ìbíwùnmí. A kì í fi ọ̀nà àbáyọ ṣe ọ̀ṣọ́.”

“Mo ti dán an wò. Àtọmọdé àtarúgbó ló kà á.”

Òótọ́ ló sọ. Ìbíwùnmí gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìlú; wọ́n mí sí i, wọ́n rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kí Bàbá lọ sinmi nílé. Ó kó àwọn ìwé rẹ̀ sínú àpótí, kò bú ẹnikẹ́ni.

Ọdún náà kò tíì parí tí òkúta fi já láti ojú ọ̀run, tó fọ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ Àdúgbò Ìsàlẹ̀. Àwọn ilẹ̀kùn ńlá pa dé fúnra wọn kí ìyókù ìlú má bàa kú. Iná lọ. Ojú gbogbo ẹ̀rọ ṣú. Ilẹ̀kùn kékeré kan tó já sí ìyókù ìlú ṣì wà lẹ́yìn àgbá omi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣí i rí.

Nígbà tí àwọn agbẹ̀mílà fi máa wọlé, òkú ti pọ̀ nílẹ̀. Dúródọlá, ẹ̀gbọ́n Ìbíwùnmí, wà lára àwọn tó kú. Ìyàwó rẹ̀, Mojíbádé, ṣì ń mí. Ibi tí atẹ́gùn díẹ̀ ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn kékeré náà wọlé ni wọ́n ti bá a.

Ìbíwùnmí jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nílé ìwòsàn.

“Ìyàwó wa, ṣé ẹ ò rí ìwé náà ni?”

“A rí i, Ẹyínfúnjowó.” Orúkọ tó fi ń pè é láti ọjọ́ ìgbéyàwó náà ló ṣì fi pè é. “Ẹ̀gbọ́n yín so ó mọ́ ògiri. Wọ́n máa ń fi yín yangàn. Tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ wa, a sì mí sí i. Kò gbéra.”

“Kò gbéra?”

“Òtútù ti mú ju. Èémí wa ò gbóná mọ́. Ẹ̀gbọ́n yín ní ká tò, kí oníkálukú wá mí sí i. Lẹ́tà díẹ̀ á rìn, á tún dúró. A rí ‘ọwọ́’. A rí ‘kí ẹ tó’. Afẹ́fẹ́ tó kù nínú wa, ara ìwé yẹn la mí i sí tán. Ẹ̀gbọ́n yín ló mí sí i gbẹ̀yìn.”

Ìbíwùnmí di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mojíbádé kò fà á kúrò, kò sì dì í mú padà.

“Kí ló wà níbẹ̀ gan-an? A fa ilẹ̀kùn kékeré yẹn títí, kò ṣí.”

Ìbíwùnmí kà á fún un láti orí.

“‘Ẹ tẹ bọ́tìnnì abẹ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, kí ẹ tó fà á.’”

“Ìyẹn nìkan?”

“Ìyẹn nìkan.”

Mojíbádé rọra yí ojú sí ògiri.