Mo Jàre, Mo Pàdánù Jẹ́jẹ́

"Ta ló fi ẹ̀yìn ìwé yìí síwájú?"

Ohùn Lẹ́mọ́mù kò le. Ó gbé Àlùkùránì àtijọ́ rẹ̀ dání, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀. Àwọn oníbàárà mẹ́ta tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì gbójú sókè. Èmi àti Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́yìn tábìlì, gọ́ọ̀mù ń gbẹ mọ́ wa lọ́wọ́.

Bàbá mi ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ìwé tó ti já ni wọ́n ń tún rán níbẹ̀, tí wọ́n ń fi èèpo tuntun dì. Títí dòní, bí òórùn gọ́ọ̀mù gbígbóná bá ti kàn mí nímú, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo tún ń dà. Mo tún ń rí fèrèsé kan ṣoṣo yẹn, oòrùn ìrọ̀lẹ́ lórí òkìtì ìwé, àti Jẹ́jẹ́ tó fi òwú sẹ́nu, tó ń wá ojú abẹ́rẹ́.

Bí a bá ti ti ilé ìwé dé, ibẹ̀ la máa ń forí lé. Wọ́n ń pè é ní Jẹ́jẹ́ nítorí pé bó ṣe ń rìn náà ló ṣe ń sọ̀rọ̀. Èmi ni wọ́n ń pè ní Lọ́yà. Bí o bá sọ fún mi pé ilẹ̀ ti ṣú, màá ní kí o mú ẹlẹ́rìí wá. A ti jọ fẹnu kò pé tí a bá jáde ìwé, a máa ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwa.

"Ìwọ máa rán ìwé, èmi máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀," mo máa ń wí.

"Àwọn tí kò bá tíì sá lọ," Jẹ́jẹ́ a dáhùn.

Ìwé ilé ìwé la máa ń dì jù. Apá òsì la ti ń rán ìyẹn pọ̀. Ìwé Lárúbáwá ní tirẹ̀, apá ọ̀tún ni. Lọ́jọ́ náà, ogún ìwé ìṣirò la ti dì kó tó kan Àlùkùránì Lẹ́mọ́mù, apá òsì sì ti mọ́ wa lára. Bí àkọlé aláwọ̀ wúrà ṣe bọ́ sẹ́yìn nìyẹn. Ẹni tó bá ṣí iwájú ìwé, ìparí ló máa kọ́kọ́ bá.

Bàbá na ọwọ́ gba ìwé náà, ó ṣí inú èèpo rẹ̀ wò. "Ọwọ́ mi ni àṣìṣe yìí ti wá, Àáfà. Ẹ forí jì mí, ẹ fún mi dọ̀la."

"Kò sí wàhálà," Lẹ́mọ́mù rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò ṣáà yí padà."

Ọ̀rọ̀ tán. Ẹ bá mi wò ó dáadáa: ọ̀rọ̀ ti tán. Àfi bí awakọ̀ kan lórí bẹ́ǹṣì ṣe ní, "Àwọn ọmọge méjì yìí ló ṣe é. Ẹjọ́ ni wọ́n ń rò, wọn ò wo iṣẹ́."

Ara mi gbóná. "Ẹ má kà mí mọ́ ọn, sà. Èmi kọ́."

Jẹ́jẹ́ fà mí láṣọ. "Lọ́yà, fi sílẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ ṣe é."

"Àwa méjèèjì báwo? Ta ló lẹ èèpo?"

"Ìwọ lo gé e."

"Mo gé e, mi ò lẹ̀ ẹ́."

Òfin Bàbá ni pé ẹni tó bá lẹ èèpo gbọ́dọ̀ fi pẹ́ńsùlù ṣe àmì tirẹ̀ sínú rẹ̀. Mo já ìwé gbà lọ́wọ́ Bàbá, mo ṣí i fún gbogbo wọn. "Àmì ta rèé? Tèmi, ìlà ni. Òbìrìkìtì kékeré nìyí, ti Jẹ́jẹ́. Ẹni tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ló ní òun fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù."

Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Lọ́yà ti jàre." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi dé ọ̀fun. Lẹ́mọ́mù yíjú síta.

Jẹ́jẹ́ ò sunkún. Ó fọ gọ́ọ̀mù ọwọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá pé ó dàárọ̀, ó sì lọ.

Ìgbà tí gbogbo oníbàárà lọ tán ni Bàbá tó bá mi sọ̀rọ̀. "Ṣé o jàre?"

"Mo jàre, sà."

"Mo mọ̀. Mo ti rí àmì náà kí n tó sọ pé èmi ni." Ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú èèpo náà. "Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé òun ṣe onídùúró ilé kan létí Àlùjánnà fún ẹni tó bá fi àríyànjiyàn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló jàre. Ìwọ ní ilé yẹn lọ́wọ́ lónìí, o fi pààrọ̀ ẹ̀rín awakọ̀."

Ẹ̀sìn wa kò gbà kí Mùsùlùmí méjì yan ara wọn lódì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń bá ara mi jiyàn. Lọ́jọ́ kẹta mo lọ bá Jẹ́jẹ́ nílé wọn, ó ń ká aṣọ.

"Forí jì mí."

"Mo ti forí jì ọ́ láti ọjọ́ yẹn."

"Ó dáa, dìde ká lọ sí ṣọ́ọ̀bù."

Ó mi orí. "Mi ò bá ọ bínú, Lọ́yà. Ṣùgbọ́n bí mo bá mú abẹ́rẹ́ báyìí, ojú rẹ ni màá máa wò, bóyá mo ti ṣe ohun tí o máa fi rojọ́ mi. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ò lè rán ìwé."

Mo bá a ká aṣọ tó kù, mo sì dá padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ó lọ kọ́ iṣẹ́ míì lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀. A ń kí ara wa títí dòní, kíkí ọmọlúàbí, bí ẹni tó pàdé lójú ọ̀nà. Bàbá ti lọ bá Ọlọ́hun, èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù. Ẹnu mi ò tíì kú, ẹ má tan ara yín. Ṣùgbọ́n bí ìjà ọ̀rọ̀ bá ti gòkè wá sí ọ̀fun mi, mo máa ń bi ara mi pé bí mo bá borí, ta ló máa kù sọ́dọ̀ mi?

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹnu yín mú bíi tèmi, wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ mọ ìgbà tí ó yẹ kí ẹ gbé àre yín mì. Èmi jàre lọ́jọ́ náà, gbogbo ẹ̀rí ló tì mí lẹ́yìn. Ọgbọ̀n ọdún rèé tí mo ti ń dá rán ìwé.